Àgbà Tí Àwọn Ọmọ Wá Pè: Ọ̀rọ̀ Nípa Àwọn Olùyọ̀ǹda Tó Ń Darí Ẹgbẹ́ Síkáòtù

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ tí ẹ wọ kakí wá láìka oòrùn yìí sí, mo kí yín. Ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ wà lẹ́yìn pátápátá, mo rí yín. Ẹ má tíì sùn o, nítorí ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Àkọlé tí wọ́n fún mi ni "Ipa àgbà nínú ẹgbẹ́ Síkáòtù." Tó bá jẹ́ bí a ṣe máa ń sọ ọ́ níbi àpéjọ ni, màá ní àgbà ló ń kọ́ ọmọ, àgbà ló ń tọ́ ọmọ sọ́nà, ẹ ó pàtẹ́wọ́, a ó sì lọ jẹun. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ yìí kò bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ ló kọ́kọ́ dé, àwọn ni wọ́n wá lọ pe àgbà.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1908 ni ìwé Scouting for Boys, tí Robert Baden-Powell, ẹni tó dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀, kọ, bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ìlú London. Ìpín mẹ́fà ni, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni wọ́n ń tà á, pẹ́ńsì mẹ́rin sì ni owó ìpín kan. Ọ̀gágun ni Baden-Powell. Ohun tó ní lọ́kàn ni pé kí àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tó ti wà nílẹ̀, bíi Boys' Brigade, máa mú nǹkan lò níbẹ̀. Àwọn ọmọ kò dúró gbọ́ ìyẹn. Bí ìpín kan bá ti jáde, wọn a kó ara wọn jọ ní mẹ́fà-mẹ́fà, méje-méje, wọn a gé ọ̀pá, wọn a yan olórí láàárín ara wọn, ó di inú igbó. Ìgbà tí wọ́n rí i pé àwọn nílò ẹni tí yóò bá wọn tọrọ àyè, tí yóò sì bá wọn bá òbí sọ̀rọ̀, ni wọ́n tó lọ kan ilẹ̀kùn olùkọ́ tàbí àlùfáà, pé kó jọ̀wọ́ wá ṣe ọ̀gá àwọn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1909 tí wọ́n pe àpéjọ ńlá ní Crystal Palace, àwọn ọmọbìnrin kan náà wọ aṣọ Síkáòtù wá. Kò sẹ́ni tó pè wọ́n. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ẹgbẹ́ Girl Guides bẹ̀rẹ̀, Agnes, àbúrò Baden-Powell, ló sì kọ́kọ́ mójú tó o. Síkáòtù dé Èkó ní 1915, àwọn Guides sì tẹ̀ lé wọn dé Nàìjíríà ní 1919.

Kò yẹ kí èyí ya ọmọ Yorùbá lẹ́nu. Nílé wa níbí, kí òyìnbó tó dé, àwọn ọ̀dọ́ tó jẹ́ ẹgbẹ́ ara wọn ni wọ́n ń kó ara wọn jọ, tí wọ́n ń dá owó, tí wọ́n ń rán aṣọ kan náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n máa wo inú ìlú, wọn a mú àgbà kan tí ẹnu rẹ̀ tólẹ̀ ní bàbá ẹgbẹ́, wọn a mú ìyá ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ ló ń yan bàbá ẹgbẹ́, bàbá ẹgbẹ́ kì í yan ẹgbẹ́. Bàbá ẹgbẹ́ tó bá wá fẹ́ máa jókòó sí àárín wọn ní gbogbo ìpàdé, tó ní òun ló máa pín ẹran, a mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: wọn a kí i dáadáa, wọn a sì gbé ìpàdé lọ síbòmíràn.

Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ni pé, níbo ni ọ̀gágun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti rí i pé a lè fi iṣẹ́ gidi lé ọmọdé lọ́wọ́? Ìlú Mafeking ní gúúsù Áfíríkà ni. Láti oṣù kẹwàá 1899 títí di oṣù karùn-ún 1900, ọjọ́ 217, àwọn Boer, òyìnbó tó ń bá Gẹ̀ẹ́sì jagun níbẹ̀, sé ìlú náà mọ́ Baden-Powell àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Ọmọ ogun tó wà nínú ìlú kò pọ̀, ni wọ́n bá fi àwọn ọmọkùnrin ṣe oníṣẹ́: wọ́n ń gbé lẹ́tà kiri, wọ́n ń ran àwọn nọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń gùn, nígbà tó yá wọ́n bọ́ sórí kẹ̀kẹ́, ìbọn sì ń dún. Àwọn ọmọ náà kò já wọn kulẹ̀. N kò ní í sọ ìtàn yìí bí ẹni pé oyin nìkan ló wà nínú rẹ̀ o. Àwọn Barolong, ọmọ ilẹ̀ náà gan-an, wà nínú ìlú kan náà, ebi tó pa wọ́n sì ju èyí tó pa òyìnbó lọ fíìfíì, nítorí bí wọ́n ṣe pín oúnjẹ. Àwọn ọmọ wọn kọ́ ni wọ́n wọ aṣọ oníṣẹ́ fún. Ẹni tó bá ń kọ́ ọmọ wa ní ìtàn Síkáòtù ní láti sọ apá yìí pẹ̀lú.

Ní oṣù kẹjọ 1907, Baden-Powell kó nǹkan bí ogún ọmọkùnrin lọ sí erékùṣù Brownsea láti dán an wò. Ó mú ọmọ olówó láti iléèwé ńlá bíi Eton àti Harrow, ó mú ọmọ òṣìṣẹ́ láti Poole àti Bournemouth, ó pò wọ́n pọ̀. Ìwo kudu, ẹranko ilẹ̀ Áfíríkà, ló fi ń jí wọn láàárọ̀. Ó pín wọn sí ikọ̀ mẹ́rin, ó sì fi ọmọ kan ṣe olórí ikọ̀ kọ̀ọ̀kan. Olórí yẹn ló máa dáhùn fún àwọn tó kù. Lójú tèmi, nínú gbogbo ohun tí wọ́n ṣe ní Brownsea, ikọ̀ yẹn nìkan ló ṣe kókó. Iná dídá, àgọ́ pípa, ipasẹ̀ ẹranko wíwò, ibi púpọ̀ ni ọmọ ti lè kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n níbo ni ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ti lè di ẹni tí àwọn márùn-ún ń wojú rẹ̀ kí wọ́n tó jẹun?

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ àgbà ti le. Ẹ jẹ́ ká lọ sí àgọ́ ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, tí ojú ọ̀run ti ń ṣú. Ọmọ mẹ́fà ń gbé àgọ́ dúró. Olórí ikọ̀ wọn, ohùn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fọ́. Wọ́n ti gbá èèkàn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ṣùgbọ́n wọ́n gbá wọn ní ìdúró ṣánṣán, wọn kò dà wọ́n sẹ́yìn kúrò lọ́dọ̀ àgọ́, nítorí náà bí okùn bá ti fà, èèkàn á máa yọ díẹ̀díẹ̀. Atẹ́gùn fẹ́ lẹ́ẹ̀kan, igun kan dìde. Olórí Síkáòtù dúró lókèèrè, ó ń wò. Ọwọ́ ń yún un. Kò ní í gbà á ní ìṣẹ́jú méjì. Bí ó bá sáré lọ tún un ṣe, àgọ́ yóò dúró, òjò kò ní í pa ẹnikẹ́ni, olórí ikọ̀ yẹn yóò sì ti di ọmọ tí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú àwọn ọmọ ikọ̀ rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, bó bá ní kí wọ́n lọ pọn omi, ojú ọ̀gá ni wọ́n máa kọ́kọ́ wò.

Olórí tó mọṣẹ́ kò ní í lọ síbi àgọ́ yẹn. Yóò pe ọmọ náà sí ẹ̀gbẹ́ kan, yóò sì bi í pé, "Ṣé o ti wo bí àwọn ikọ̀ kejì ṣe gbá èèkàn tiwọn?" Kò ní í ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá lọ wò ó, ó dáa. Bí kò bá lọ, òjò á rọ̀, ibùsùn á tutù, wọ́n á sá aṣọ láàárọ̀, kò sì sí ẹni tó máa tún gbá èèkàn bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé. Oúnjẹ náà ńkọ́? Ẹ fún wọn lówó ọjà. Wọ́n á ra tòmátì, wọ́n á gbàgbé iyọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn ìyá kan ń wò mí báyìí bí ẹni tó fẹ́ pa ọmọ wọn.

N kò fẹ́ pa ọmọ ẹnikẹ́ni. Ààlà wà níbẹ̀, kedere ló sì yẹ kí olórí mọ̀ ọ́n. Ohun tó lè ba aṣọ tàbí ọbẹ̀ jẹ́, ti ọmọ ni. Ohun tó lè gba ẹ̀mí, ti àgbà ni. Bó bá kan odò, kò sí pé "ẹ jẹ́ kó kọ́ ọgbọ́n." Bó bá kan kẹrosíìnì lórí iná, bó bá kan àdá lọ́wọ́ ọmọ kékeré, bó bá kan títì tí mọ́tò ń gbà, àgbà á kígbe, á sì gbà á lọ́wọ́ wọn lójú ẹsẹ̀. Olórí tó ń gba orógùn lọ́wọ́ ọmọ tó ń ro àmàlà, àmọ́ tó ń fi ọmọ sílẹ̀ létí odò torí pé òun fẹ́ gba ìpè, kò mọ iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un.

Ẹnìkan á ní, "Ṣebí àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ tún òwe yẹn gbọ́: orí ọmọ tuntun ló wí. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kì í ṣe ọmọ tuntun, ọrùn rẹ̀ ti gba orí rẹ̀ dúró. A ti fi òwe yìí gba nǹkan púpọ̀ lọ́wọ́ ọmọ wa.

Nínú ètò tí Baden-Powell fi lélẹ̀, àwọn olórí ikọ̀ ní ìgbìmọ̀ tiwọn. Wọ́n ń jókòó, wọ́n ń sọ ohun tí ẹgbẹ́ máa ṣe lóṣù tó ń bọ̀, wọ́n ń gbọ́ ẹjọ́ ẹni tó bá rú òfin. Ọ̀gá máa ń wà níbẹ̀, ó lè gbani nímọ̀ràn, ṣùgbọ́n kò ní ìbò. Ẹ̀yin olórí tó wà níhìn-ín, ẹ rò ó wò: ìpàdé tí ẹ ti ra bisikíìtì, tí ẹ ti ṣí yàrá, tí ẹ kò sì lè na ọwọ́ nígbà tí wọ́n bá ń dìbò. Nínú ẹgbẹ́ tí mo ti rí i kó wáyé dáadáa, ẹjọ́ tí àwọn ọmọ ń dá máa ń le ju ti àgbà lọ. Iṣẹ́ olórí níbẹ̀ ni kó máa bẹ̀bẹ̀.

Báwo ni a ṣe ń kọ́ àgbà ní irú sùúrù yìí? Wọ́n ń sọ ọ́ di ọmọdé padà ni. Ní 1919, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ William de Bois Maclaren ra ilẹ̀ Gilwell Park ní ẹ̀bá igbó Epping, nítòsí London, ó fi ta ẹgbẹ́ lọ́rẹ. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn ni wọ́n ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ fún àwọn olórí níbẹ̀. Wọn kò kó wọn sí kíláàsì kí wọ́n máa kọ nǹkan sílẹ̀. Wọ́n pín wọn sí ikọ̀, wọ́n ní kí wọ́n pa àgọ́, kí wọ́n dáná, kí wọ́n gbọ́ àṣẹ ẹni tó jẹ́ olórí ikọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Bàbá tó ní ọmọ mẹ́rin nílé, tó jẹ́ ọ̀gá níbi iṣẹ́, ni wọ́n á ní kó lọ fọ ìkòkò. Ibẹ̀ ló ti máa mọ bó ṣe ń rí lára ọmọ tí wọ́n bá já nǹkan gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá parí rẹ̀ ni wọ́n ń fi ìlẹ̀kẹ̀ igi kékeré méjì sí lọ́rùn, tí a ń pè ní Wood Badge. Àwọn tó ń kọ́ olórí máa ń ní ju méjì lọ. Ara ẹ̀gbà ọrùn ọba Zulu, Dinuzulu, ni Baden-Powell ti mú ìlẹ̀kẹ̀ àkọ́kọ́. Bó ṣe dé ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń fa ariyànjiyàn.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀ sórí ọ̀rọ̀ kan tí àwọn òbí máa ń bi wá. Wọ́n á ní, "Kí ló dé tí ẹ ń kọ́ ọmọ mi láti fi ọwọ́ òsì bọ àgbà lọ́wọ́?" Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dùn wọ́n. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni, áńbọ̀sì ká nà án sí àgbà. Ìtàn tí ẹgbẹ́ ń sọ ni pé àwọn jagunjagun Ashanti ni Baden-Powell ti kọ́ ọ: ọwọ́ òsì ló ń di asà mú, ẹni tó bá gbé asà sílẹ̀ kó tó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ ti fọkàn tán ọ. Ìdáhùn mi sí àwọn òbí kò gùn. Síkáòtù sí Síkáòtù ni ìyẹn. Bí ọmọ bá dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà, ó dọ̀bálẹ̀. Ọmọ tí kò bá mọ ìyàtọ̀ méjèèjì, olórí rẹ̀ ni kí ẹ bá wí.

Ohun kan ń bí mi nínú nínú bí a ṣe ń ṣe ẹgbẹ́ yìí lọ́dọ̀ wa, màá sọ ọ́. A ti sọ ọ́ di mááṣì. Bí gómìnà bá ń bọ̀, ẹ kó Síkáòtù jáde. Bí wọ́n bá ń ṣe ìsìn ìdúpẹ́, ẹ ní kí Síkáòtù wá máa dá èrò dúró. Ọmọ á dúró sínú oòrùn láti aago méje, ẹni tí wọ́n ń retí á dé ní ọ̀sán, kò sì sí ẹni tó fún wọn ní omi. Ọ̀gágun tó dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ gan-an kò fẹ́ kí a máa fi mááṣì kọ́ ọmọ, torí ó gbà pé ó ń pa ìrònú ọmọ kú. Mo mọ ìdí tí a fi fẹ́ràn rẹ̀: ó rọrùn fún àgbà. Ẹni tó ní fèrè àti ohùn líle lè ṣe é láìmọ nǹkan kan. Mo rò pé ẹgbẹ́ tó bá jẹ́ pé mááṣì nìkan ló ń ṣe látọdún dé ọdún kò tíì ní olórí, ẹni tó ń fọn fèrè ló ní.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tí a kì í fẹ́ sọ níwájú àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n tí àwọn ọmọ gan-an yẹ kó gbọ́. Ní oṣù kejì 2020, Boy Scouts of America lọ sí kóòtù pé àwọn wọ gbèsè. Àwọn tó dìde pé olórí ẹgbẹ́ fi ìbálòpọ̀ ṣe wọ́n níkà nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé ló fà á, wọ́n sì lé ní 82,000. Owó tí wọ́n fi yanjú rẹ̀ jẹ́ bílíọ̀nù 2.46 dọ́là. Ìbéèrè tó yẹ ká bi ara wa kì í ṣe bóyá irú rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa. Bí ọmọ wa bá ní nǹkan láti sọ, ta ló máa gbọ́ ọ? A fẹ́ràn láti máa ní, "Ọmọlúàbí ni wọ́n, alàgbà ni wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ti lọ sí Mẹ́kà." Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú tó fi ata sẹ́nu, a kì í rí ata yẹn lórí ìwé ẹ̀rí.

Nítorí náà òfin wà, ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín láti bèèrè rẹ̀. Àgbà méjì ni, kì í ṣe ẹyọ kan, níbikíbi tí ọmọ bá wà: ní ìpàdé, ní àgọ́, nínú mọ́tò. Àgbà kì í sùn sínú àgọ́ ọmọ. Bí olórí bá fẹ́ bá ọmọ kan sọ̀rọ̀ àṣírí, ibi tí ojú gbogbo èèyàn ti lè rí wọn ni, bí etí kò tilẹ̀ lè gbọ́. Lórí WhatsApp, olórí kì í kọ̀wé sí ọmọ ní ìdákọ́ńkọ́, òbí gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Àwọn olórí kan máa ń bínú sí òfin yìí, wọ́n ní ó dà bíi pé a ń pe àwọn ní olè. Mo sọ fún wọn pé òfin yìí ló ń ṣọ́ orúkọ wọn. Olórí tó wà pẹ̀lú ẹnìkejì ní gbogbo ìgbà, kò sí ẹni tó lè dìde láàárọ̀ ọjọ́ kan wá ba orúkọ rẹ̀ jẹ́. Ẹni tó bá ń bínú lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣàlàyé ìyẹn fún un, ẹ má fi ọmọ yín sọ́dọ̀ rẹ̀.

Èèyàn méjì yẹn tún wúlò fún nǹkan mìíràn. Lọ́dọ̀ wa, ẹgbẹ́ Síkáòtù púpọ̀ jẹ́ ti ẹnìkan ṣoṣo. Olùkọ́ kan nílé ẹ̀kọ́ girama ló máa fẹ́ràn rẹ̀, á fi owó oṣù rẹ̀ ra okùn, á rán sìkáàfù fún ọmọ tí òbí rẹ̀ kò ní. Gbogbo ìlú á máa yìn ín. Lọ́jọ́ kan ni wọ́n á gbé e lọ síléèwé mìíràn, tó bá sì fi máa di ìdajì ọdún, àgọ́ á ti jẹrà nínú stọ́ọ̀. Ẹ̀yin òbí lẹ jẹ̀bi ìyẹn, kì í ṣe olùkọ́. Ẹni tó yọ̀ǹda àkókò rẹ̀, kò yẹ ká tún jẹ́ kó máa yọ̀ǹda àpò rẹ̀. Kí ìgbìmọ̀ òbí máa mójú tó owó, kí ẹni méjì máa fọwọ́ sí i kó tó jáde ní báǹkì, kí ìwé ìnáwó máa wà lórí tábìlì ní gbogbo ìpàdé òbí. Kí olórí má fọwọ́ kan owó rárá, á rí àyè wo èèkàn.

Wọ́n ti fi àwọn ìwé pélébé kan ránṣẹ́ sí mi, màá dáhùn díẹ̀ kí n tó jókòó.

Ẹnìkan béèrè pé ṣé obìnrin lè darí ẹgbẹ́ ọmọkùnrin. Láti ìgbà ogun 1914 sí 1918 ni wọ́n ti ń ṣe é. Àwọn ọ̀gá lọ sójú ogun, àwọn obìnrin àti àwọn olórí ikọ̀ fúnra wọn ló gbé ẹgbẹ́ ró nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Obìnrin kan, Vera Barclay, wà lára àwọn tó ṣe iṣẹ́ ńlá lórí ẹ̀ka àwọn ọmọ kékeré tí a ń pè ní Cubs, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1916.

Ẹlòmíràn ní òun kò ṣe Síkáòtù rí lọ́mọdé, òun kò mọ kókó okùn kankan. Ẹ wá. Àwọn ọmọ ló máa kọ́ yín ní kókó okùn, inú wọn á sì dùn sí i. Nọ́ọ̀sì la ń wá, ẹni tó mọ ìwé ìṣirò là ń wá, ẹni tó ní bọ́ọ̀sì tó ní bíréèkì là ń wá.

Èyí tó kẹ́yìn, ọmọdé ló kọ ọ́, mo mọ̀ ọ́n lára ìkọ̀wé. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí ọ̀gá wa kò bá jẹ́ ká ṣe nǹkan fúnra wa ńkọ́?" Ọ̀gá rẹ wà nínú gbọ̀ngàn yìí, ó sì ti gbọ́. Kí ìwọ àti àwọn olórí ikọ̀ tó kù pe ìpàdé yín ní Sátidé, kí ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe sílẹ̀, kí ẹ kọ iye tó máa ná yín, kí ẹ sì kọ ẹni tó máa ṣe èwo. Kí ẹ gbé e fún un kó tó fọn fèrè.